Ajá XL Bully ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ohun tí ẹ ó máa ṣe kí ìwé àṣẹ rẹ̀ má baà bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ajá XL Bully, irú ajá ńlá kan tí òfin ti dè, ní England àti Wales ti gba ìwé àṣẹ láti máa sìn ín tán, wọ́n wá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò parí. Májẹ̀mú tó so mọ́ ìwé náà kò ní kúrò títí ajá yóò fi kú, ẹyọ kan péré tí ẹ bá sì rú nínú rẹ̀ ti tó láti sọ ajá tó ní ìwé di ajá tí ọlọ́pàá lè wá mú. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni pé ìwà ajá ni wọ́n ń rò: "Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí," "Àwọn ọmọ ló ń bá ṣeré." Ní ti irú ajá tí wọ́n fòfin dè, òfin Dangerous Dogs Act ti ọdún 1991 kò bi yín léèrè ìyẹn. Bí ajá ṣe rí, bí ìwé rẹ̀ ṣe pé sí, àti ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó jáde síta, àwọn ni òfin ń wò.

England àti Wales nìkan ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Scotland àti Northern Ireland ní òfin tiwọn. Bí ẹ bá ń kó lọ síbẹ̀, ẹ wádìí lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Certificate of Exemption, ìyẹn ìwé àṣẹ tí Defra, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká àti oúnjẹ, fún yín lórí ajá náà
- Nọ́ńbà microchip rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi sábẹ́ awọ ara rẹ̀, tó máa ń jẹ́ òǹkà 15, àti orúkọ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀
- Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù VCN01 tí dókítà ẹranko fọwọ́ sí lẹ́yìn tó tẹ ajá lọ́dàá
- Ìwé ìbánigbófò, ìyẹn inṣọ́ránsì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì kọjá
- Agbọ̀n ẹnu, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní muzzle, àti okùn tó nípọn
- Ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí
- Téèpù ìwọ̀n, pẹ́ńsù, àti ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le

Ìpele 1: Ẹ wọn ajá náà

Ẹ má fo ìpele yìí nítorí pé ẹni tó tà á fún yín pè é ní "pocket", ìyẹn kékeré, tàbí "àdàlù Staffy", ìyẹn Staffordshire Bull Terrier. Orúkọ kò ṣe nǹkan kan níbí. Àyẹ̀wò DNA náà kò yọ yín, nítorí ìrísí ni wọ́n fi ń mọ irú ajá tí òfin dè, kì í ṣe ìdílé tó ti wá.

1. Ẹ mú ajá dúró lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ògiri. Ẹ má lo kápẹ́ẹ̀tì.
2. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọnrangandan, kí orí rẹ̀ má lọ sókè jù, kó má sì tẹ̀ wálẹ̀.
3. Ẹ fọwọ́ wá góńgó èjìká rẹ̀, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ẹ gbé ìwé tó le náà lé e kó tẹ́ gbọọrọ dé ara ògiri.
4. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí abẹ́ ìwé náà lára ògiri, kí ẹ wá wọ̀n láti ilẹ̀ dé àmì.
5. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá kì í dúró jẹ́ẹ́, àmì kan ṣoṣo lè tàn yín jẹ.

Akọ tó ti dàgbà tó bá ga tó 51 sẹ̀ńtímítà, tàbí abo tó bá ga tó 48, ti wọ inú ìwọ̀n tí ìjọba là sílẹ̀. Gíga nìkan kò tó ṣá. Àpèjúwe náà tún mẹ́nu ba orí ńlá tó fẹ̀, imú tó kúrú ju agbárí lọ, ọrùn tó kún fún iṣan, àyà tó gbòòrò, àti irun kúkúrú tó ń dán. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ pé sára ajá. Bí èyí tó pọ̀ nínú wọn bá ti wà, ó tó. Staffordshire Bull Terrier gidi kì í sábà ga ju 41 sẹ̀ńtímítà lọ, nítorí náà ẹni tó ní i kò ní ìyọnu níbí.

Ibi tí wọ́n ti ń gbé e gbòdì ni kí wọ́n wọ̀n dé orí dípò èjìká, tàbí kí wọ́n wọn ọmọ ajá oṣù márùn-ún kí wọ́n sì fọkàn balẹ̀. Ajá ńlá ń ga lọ títí di nǹkan bí ọdún kan, ó sì ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn.

*Àyẹ̀wò:* ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ fi ju sẹ̀ńtímítà kan lọ yàtọ̀ síra. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ ya fọ́tò ajá látẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú.

Bí ajá yín bá bá àpèjúwe yìí mu tí kò sì ní ìwé, ọ̀rọ̀ dé ibi tó nira. Ọ̀sán ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀, láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ó sì ti di ẹ̀ṣẹ̀ láti ní irú ajá bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé. Ẹ má tà á, ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ síbì kankan. Ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn yẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2023. Ẹ wá lọ́yà tó mọ̀ nípa òfin ajá kí ẹ tó bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ka ìpele 6 nísinsìnyí.

Ìpele 2: Ẹ yẹ ìwé mẹ́rin wò lọ́jọ́ kan náà

Ẹ tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì kan, kí ẹ máa fi orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà wé ara wọn.

Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀: orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni òfin mọ̀. Bí ọkọ ló forúkọ sílẹ̀ tí ìyàwó sì ń bá ajá gbé nílé mìíràn báyìí, májẹ̀mú ti bàjẹ́. Wọn kì í gbé ìwé yìí fún ẹlòmíràn bí ìgbà tí èèyàn ń ta mọ́tò. Ikú olówó ajá tàbí àìsàn ńlá ló lè mú kí ẹlòmíràn bẹ ilé ẹjọ́ pé òun fẹ́ gbà á.

Microchip: ẹ gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí wọ́n fi ẹ̀rọ kà á. Iṣẹ́jú kan ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba owó. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá kà gbọ́dọ̀ bá ti ìwé mu, òǹkà sí òǹkà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ microchip kí ẹ rí i pé àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ ni ibi tí ẹ ń gbé lónìí. Iléeṣẹ́ yẹn àti Defra kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó sọ fún ọ̀kan pé òun ti kó lọ kò tíì sọ fún èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Ìtẹ̀lọ́dàá: gbogbo gbèdéke rẹ̀ ló ti kọjá. Ajá tó ti lé lọ́dún kan ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024 ní láti ṣe é kí oṣù kẹfà ọdún yẹn tó parí. Èyí tó kéré sí ọdún kan ní títí di òpin ọdún 2024. Èyí tí kò tíì pé oṣù méje sì ní títí di òpin oṣù kẹfà 2025. Iṣẹ́ abẹ nìkan kò tó. Fọ́ọ̀mù VCN01 gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Defra, bí kò bá sì dé, ìwé àṣẹ kò múnádóko mọ́. Àwọn kan ṣe iṣẹ́ abẹ lásìkò, wọ́n fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà, olúkúlùkù wá rò pé ẹnì kejì ti fi ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rí pé Defra gbà á, ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbánigbófò: ibi tó léwu jù nìyí, nítorí ọdọọdún ló ń parí. Èyí tí òfin ń béèrè ni èyí tó ń san owó bí ajá yín bá pa ẹlòmíràn tàbí ṣe é léṣe. Ìbánigbófò tó ń san owó dókítà ẹranko fún ajá kì í ṣe òun, bó ti wù kó wọ́n tó. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ wá gbólóhùn "third party" tàbí "public liability", kí ẹ tún wá apá tí wọ́n ti to àwọn ajá tí wọn kò ní gbà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló kọ XL Bully síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Dogs Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ajá, ni ọ̀pọ̀ olówó ajá yìí ti gba tiwọn tẹ́lẹ̀, nípasẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń san lọ́dọọdún. Bí káàdì báǹkì yín bá ti yí padà, owó tó ń lọ fúnra rẹ̀ lè kọ̀ láti lọ, ọlọ́pàá ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún yín.

*Àyẹ̀wò:* orúkọ kan, àdírẹ́sì kan, nọ́ńbà microchip kan lórí gbogbo ìwé tó ti yẹ kó wà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì fi ìdágìrì fóònù sí ọjọ́ 30 ṣáájú kí ìbánigbófò tó parí. Bí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ káńsù bá ní kí ẹ fi ìwé hàn, ẹ lè fi hàn lójú ẹsẹ̀ tàbí láàárín ọjọ́ 5.

Ìpele 3: Agbọ̀n ẹnu àti okùn

Òfin fẹ́ agbọ̀n tí ajá kò fi ní lè bu èèyàn jẹ. Ajá fúnra rẹ̀ fẹ́ èyí tó lè fi mí. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu ló fi ń tu ara lára, nígbà tó bá yọ ahọ́n síta tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Nítorí náà, ẹ má ra èyí tí wọ́n fi aṣọ rán tó ń pa ẹnu dé pinpin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Bí ẹ bá fi rìn nínú oòrùn, ooru lè pa ajá.

Wíwọ̀n rẹ̀ rọrùn. Ẹ wọn gígùn imú láti ṣónṣó rẹ̀ títí dé nǹkan bí sẹ̀ńtímítà kan sí ojú. Ẹ yí téèpù ká ẹnu níbi tó nípọn jù, nígbà tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán tí ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí. Ìwọ̀n tí ẹnu bá ṣí yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, wọ́n á wá ra èyí tó há. Orí XL Bully gbòòrò, imú rẹ̀ sì kúrú, nítorí náà èyí tó wà lórí àtẹ lè gùn jù kó sì tún fún. Ẹ má bẹ̀rù láti ra èyí tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ajá yín.

Bí ẹ ó ṣe kọ́ ọ láti wọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́:

1. Ẹ fi ẹran gígé wẹ́wẹ́ sínú agbọ̀n, kí ẹ dì í mú lásán. Kí ajá fúnra rẹ̀ ki imú bọ̀ ọ́. Ẹ má tì í mọ́ ọn lẹ́nu.
2. Nígbà tó bá ń fi imú sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 láìyọ ọ́, ẹ kan okùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí láìdè é, kí ẹ fún un lẹ́ran láti àlàfo iwájú.
3. Ẹ dè é fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ tú u. Lẹ́yìn náà márùn-ún, mẹ́wàá, ọgbọ̀n.
4. Ẹ rìn nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó jáde.

Bí ó bá ń fi ọwọ́ fà á tàbí tó ń fi ẹnu gbo ilẹ̀, ẹ ti yára jù. Ẹ padà sí nọ́ńbà tó ṣáájú. Àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún ajá ní ẹnu ọ̀nà, lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ jáde, ni ajá wọn máa ń jà títí lọ.

Ní ti okùn, ẹni tó di í mú gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 16 ó kéré tán. Ọmọ ọdún 14 tó ga ju bàbá rẹ̀ lọ kò kájú òṣùwọ̀n. Okùn tó ń fà jáde bíi téèpù kò yẹ ajá tó wúwo tó ogójì kílò. Okùn tó dúró lójú kan, mítà kan àbọ̀ sí méjì, ni kí ẹ lò.

*Àyẹ̀wò:* ìka méjì gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ okùn ọrùn agbọ̀n. Ajá gbọ́dọ̀ lè mu omi, kó sì lè ya ẹnu nínú rẹ̀. Ẹ fà á síwájú díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá bọ́, kò dára.

Ibi tí "ìta" ti bẹ̀rẹ̀

Èyí kì í ṣe ìpele, ṣùgbọ́n òun ló ń kó àwọn tó ń gbé fúláàtì sí wàhálà. Nínú òfin yìí, àtẹ̀gùn, lífìtì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ń gbà jẹ́ ìta gbangba. Kí agbọ̀n ti wà lẹ́nu ajá kí ẹ tó ṣí ìlẹ̀kùn yàrá yín, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá dé géètì. Inú mọ́tò tó wà lójú títì náà jẹ́ ìta: agbọ̀n àti okùn, kódà bí fèrèsé bá wà ní títì. Pápá tí ẹ sanwó wákàtí kan fún kí ajá lè sáré níbẹ̀ kò yàtọ̀, torí òfin sọ pé ibi tí àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀ wà lára ìta gbangba. Ìpolówó tó ní "ọgbà yìí há gádígádí" kò yí ìyẹn padà.

Ẹ̀gbà ọrùn tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ń tẹ̀ lé gbogbo èyí. Control of Dogs Order ti ọdún 1992 ló pàṣẹ rẹ̀ fún gbogbo ajá tó bá jáde síta. Microchip kò dípò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù nìkan kò sì tó.

Ìpele 4: Ilé àti àgbàlá

Láti oṣù karùn-ún 2014 ni òfin ajá tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni ti ń mú èèyàn nínú ilé ara rẹ̀ náà, irú ajá yòówù kó jẹ́. Kò sì dìgbà tó bá bu èèyàn jẹ: bí ẹnì kan bá ní ìdí láti bẹ̀rù pé ó fẹ́ ṣe òun léṣe, ó ti tó. Bí ó bá ṣe èèyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 5. Bí ó bá pa èèyàn, ó lè tó 14. Olè tó wọ inú ilé gbígbé nìkan ni òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún, àgbàlá kò sì sí nínú àyè náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ "Ẹ ṣọ́ra fún ajá" sára géètì, tí àlejò tí ajá bù jẹ á wá gba ẹ̀bi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ nílé. Pátákó kò gba ẹnikẹ́ni níbí.

1. Ọgbà ẹ̀yìn: ẹ lè gbé e ga dé mítà méjì láìgba àṣẹ ìkọ́lé, àmọ́ mítà kan ni bó bá kángun sí ojú ọ̀nà. Ẹ rìn ín yípo, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ti ìsàlẹ̀ pákó kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ ni ajá ti ń gbà jáde ju òkè lọ.
2. Géètì ẹ̀gbẹ́: ẹ fi àgádágodo sí i. Ẹni tó ń ka mítà iná àti ẹni tó ń kó pàǹtírí kì í ti géètì.
3. Ihò lẹ́tà: ẹ de agbọ̀n wáyà mọ́ ọn láti inú. Ilé ẹjọ́ gíga ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ajá bá bu ìka ẹni tó ń fi lẹ́tà sílé jẹ, olówó ajá lè jẹ̀bi kódà bí kò bá sí nílé.
4. Àlejò: ìlẹ̀kùn méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín ajá àti ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí àdúrà nínú ilé, tí ìlẹ̀kùn ń ṣí ní gbogbo ìṣẹ́jú, yàrá òkè tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ajá wà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní kí ọ̀rẹ́ kan tẹ aago ẹnu ọ̀nà láìsọ àsìkò tó ń bọ̀. Bí ajá bá dé ẹnu ọ̀nà ṣáájú yín, ìpele yìí kò tíì yanjú.

Ìpele 5: Ìkólọ àti ìrìn àjò sílé

Kí ẹ tó kó lọ, ẹ kọ̀wé sí Index of Exempted Dogs, ìyẹn ọ́fíìsì Defra tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ajá tó ní ìwé àṣẹ, sí iléeṣẹ́ microchip, àti ẹni tó ń ṣe ìbánigbófò yín. Ẹ ka ìwé àdéhùn ilé tuntun kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ lándílọ́ọ̀dù kì í gba irú ajá yìí, ìwé àṣẹ ìjọba kò sì lè fipá mú wọn.

Ìrìn àjò sí Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá kì í ronú sí. Ajá gbọ́dọ̀ máa gbé ní àdírẹ́sì kan náà pẹ̀lú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, àfi fún ọjọ́ 30 nínú oṣù 12. Ọjọ́ 30 àpapọ̀ ni, kì í ṣe 30 fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé fún ìsìnkú ní oṣù kẹrin, tí ajá wà lọ́dọ̀ àbúrò yín, ọjọ́ 9 péré ló kù fún Kérésìmesì. Ó sàn kí àbúrò náà wá gbé nílé yín, kí ajá má kúrò ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de agbọ̀n ẹnu kí ẹ tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, kì í ṣe lórí WhatsApp.

*Àyẹ̀wò:* ẹ kọ ọjọ́ tí ajá sun ìta sórí kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, kí gbogbo ilé mọ ibi tó wà.

Ìpele 6: Bí ọlọ́pàá bá wá mú un

Bí ajá bá wà níta, wọn kò nílò ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Bí ó bá wà nínú ilé, wọ́n gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ náà wá, àyàfi bí wọ́n bá ti ní ìwé àṣẹ láti wọlé nítorí ọ̀ràn mìíràn. Ẹ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ kà á, ẹ má jà. Ẹ bèèrè orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá náà àti nọ́ńbà ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lè gbé fọ́ọ̀mù kan wá pé kí ẹ fi ajá sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má fọwọ́ sí i kí lọ́yà tó rí i. Ẹ lè fi ajá sílẹ̀ bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú yín, bí ẹ bá sì fọwọ́ sí i, wọ́n lè pa á láìjẹ́ pé ẹ dé ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ sí i nínú ìpayà, tàbí nítorí pé wọ́n rò pé ìwé tí wọn yóò fi gba ajá padà ni.

Bí ẹ bá ń jiyàn pé kì í ṣe irú ajá tí òfin dè, ẹ̀yin lẹ ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ibí ni ìwọ̀n àti fọ́tò ìpele 1 ti wúlò. Bí irú rẹ̀ bá sì ni, ilé ẹjọ́ ṣì lè dá a padà bí adájọ́ bá gbà pé kì í ṣe ewu fún aráàlú. Níbẹ̀ nìkan ni ìwà ajá ti wá di ẹ̀rí, pẹ̀lú ìwà olówó rẹ̀. Ẹ kó ìwé dókítà ẹranko àti ti ẹni tó kọ́ ajá jọ, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí lọ́yà bi ọlọ́pàá bóyá wọ́n á jẹ́ kí ajá padà sílé lábẹ́ májẹ̀mú kí ẹjọ́ tó parí.

Bí adájọ́ bá dá a padà, oṣù méjì ló máa ń fún yín láti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, fi microchip sí i, gba ìbánigbófò, san owó, kí ìwé sì jáde. Bí ajá bá ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àwọn lẹ ó bá ṣètò bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an, torí ìlà iṣẹ́ abẹ lè gùn, àṣẹ pípa ajá náà yóò sì múlẹ̀ bí oṣù méjì bá pé tí ìwé kò tíì jáde. Bí ẹ bá rí i pé àsìkò kò ní tó, kí lọ́yà bẹ ilé ẹjọ́ fún àfikún kí ọjọ́ tó pé.